Fáìsì Bàbá Fítà: Èló Ló Tọ́ Kí N San?

ÌBÉÈRÈ

Ọdún tó kọjá ni mo ṣe fírídọ̀ọ̀mù iṣẹ́ wẹ́dà, mo sì ti gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan síbí ní Abẹ́òkúta. Mo ti ní mẹ́ṣíìnì tí mo fi ń jó irin, mo ti ní èyí tí mo fi ń gé e, ṣùgbọ́n mi ò tíì ní fáìsì. Ilé kejì sí tiwa ni ìyá kan wà tí ọkọ wọn ṣe iṣẹ́ fítà títí tí ọlọ́jọ́ fi dé. Fáìsì bàbá náà ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n dà á mọ́ ọn lára pé RECORD, No. 3, MADE IN ENGLAND. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 4. Ó ti dípẹtà díẹ̀, ọ̀pá tí wọ́n fi ń yí i sì ti tẹ̀.

Màmá kọ́kọ́ ní kí n mú ₦60,000 wá. Kí n tó kó owó náà jọ, ọmọ wọn ọkùnrin rí i lórí fóònù pé wọ́n ń ta fáìsì àtijọ́ ní Amẹ́ríkà ní ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ́nà mélòó kan, ló bá ní ₦180,000 lòun máa gbà. Ẹni tó ń ra irin àlòkù kiri tiẹ̀ ti tú u kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé e lé òṣùwọ̀n, ó rí kílò 16, ó ní ₦8,000 lòun á san. Nígbà tí mo dé ọjà, fáìsì tuntun tó ti Ṣáínà wá, tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 4 bákan náà, ₦55,000 ni wọ́n pè é. Bàbá, èló ló yẹ kí n san? Mi ò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ mi jẹ, mi ò sì fẹ́ rẹ́ opó jẹ.

Ọmọ Onírin, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ẹni mẹ́ta ló ti dá owó lé irin kan ṣoṣo yìí, ìdí tí owó wọn fi jìnnà síra ni pé ohun tí kálukú wọn ń wò yàtọ̀. Ẹni tó gbé òṣùwọ̀n wá, ìwúwo ló fẹ́ rà. Ọmọ Màmá, àwòrán tó rí lórí fóònù ló fẹ́ tà. Màmá nìkan ló pe owó irinṣẹ́, torí ojú wọn ló ṣe bí ọkọ wọn ṣe fi nǹkan náà bọ́ ilé. Irinṣẹ́ nìwọ náà sì fẹ́ rà. Iye iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù nínú fáìsì yẹn ni kó o wá rí, òun ni kó o sanwó fún.

Jẹ́ ká tètè yanjú ọ̀rọ̀ dọ́là. Òótọ́ ni pé fáìsì àtijọ́ ń gbówó gọbọi ní Amẹ́ríkà. Èyí tí wọ́n sábà máa ń lé kiri níbẹ̀ ni Wilton, tí Hugh Vogl bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Chicago ní 1941. Ìdí rẹ̀ rí roboto bí ọta ìbọn, síkúrù rẹ̀ wà nínú ara tó dé pátápátá, eruku àti ìdọ̀tí irin kì í rí ọ̀nà wọlé. Wọ́n tún ń wá ti Reed láti Erie ní Pennsylvania, àti ti Athol láti Massachusetts, ilé iṣẹ́ tí Starrett rà ní 1905. Àwọn kan ń kó wọn jọ bí ẹni ń kó ère jọ ni. Wọ́n á ha á, wọ́n á kùn ún lọ́dà tuntun, wọ́n á gbé e síbi tí àlejò á ti rí i. Owó tí ọmọ Màmá rí lórí fóònù, irú fáìsì mìíràn ni wọ́n ń san án fún, tí wọ́n ti tún ṣe, lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Record ti wá, ilé iṣẹ́ C. & J. Hampton ló ń ṣe é, wọ́n sì ṣe é lọ́pọ̀ yanturu fún ṣọ́ọ̀bù àti fún ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ní Ìlú Ọba níbi tí wọ́n ti bí i, No. 3 kì í ṣe ohun àwátì. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá ṣì ní owó Amẹ́ríkà lòun fẹ́, ó yẹ kó yọ owó ọkọ̀ òfúrufú kílò 16 kúrò nínú rẹ̀ kó tó máa ṣírò.

Ọjọ́ orí fáìsì náà ńkọ́? Ní 1972, ilé iṣẹ́ Hampton yìí darapọ̀ mọ́ ti Ridgway, orúkọ Record Ridgway ni wọ́n sì ń jẹ́ lẹ́yìn náà. Bí o bá rí Ridgway lára irinṣẹ́ wọn, o mọ̀ pé kò dàgbà ju ọdún yẹn lọ. Ó dùn láti mọ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í san kọ́bọ̀ lé e lórí rẹ̀. Irin kì í darúgbó níbi tó jókòó sí. Lílò àti ìlòkulò ló ń gbó o.

Nísinsìnyí, bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ibi tó bá ti sán ni kó o kọ́kọ́ wá.

Irin tí wọ́n yọ́, tí wọ́n dà, ni ara fáìsì yìí. Irin bẹ́ẹ̀ lágbára púpọ̀ bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tẹ̀ kó tó dá. Ọjọ́ tí agbára bá pọ̀ jù fún un, ṣe ló ń kán bí àwo. Wo ọrùn rẹ̀ lábẹ́ ẹnu tó dúró. Wo igun inú níbi tí ẹnu tó ń rìn ti so mọ́ apá tó ń wọlé tó ń jáde. Wo àwọn etí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí bóòtì ń gbà kọjá, torí àwọn tó ń fún bóòtì mọ́ orí bẹ́ǹṣì tí kò tẹ́jú máa ń fọ́ ọ níbẹ̀.

Ó dára pé wọ́n ti tú u sílẹ̀. Gbé e sórí igi méjì kó má balẹ̀, ya ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, di ọ̀pá ìyí rẹ̀ mú kó má máa mì, kó o wá fi òòlù kékeré kan ọrùn náà. O ti rí ìyá tó ń ra ìkòkò lọ́jà rí. Ìka ló fi ń kàn án, á sì dẹtí sí i, bí ìkòkò bá ti sán kò ní tún bi ẹni tó ń tà á léèrè ọ̀rọ̀ kankan. Irin tó dá ṣáṣá á dún gbọnrangandan, ohùn rẹ̀ á sì pẹ́ díẹ̀ létí. Èyí tó sán á ró bí ìgbà tó o lu pákó. Má fi ohùn nìkan dájọ́ o, nítorí ohun tó bá tú díẹ̀ lára rẹ̀ lè pa ohùn náà.

Ohun tí kì í tan ènìyàn jẹ ni kẹrosíìnì àti ẹfun. Fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà ọrùn rẹ̀ títí ojú irin á fi hàn. Fi kẹrosíìnì pa ibẹ̀ dáadáa, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí wàá fi jẹ ẹ̀kọ kan tán. Wá fi àkísà gbígbẹ nù ún títí ọwọ́ rẹ kò fi ní gbé epo mọ́. Lọ ẹfun kúnná, bù ú wọ́n ọn lójú, kó funfun bálau. Jókòó tì í. Bí ó bá sán, kẹrosíìnì tó sá pamọ́ sínú ibi tó sán á máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀, ẹfun á sì fà á mu. Wàá rí ìlà kan tó dúdú, tó tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn, tó ń gùn lórí funfun náà lójú rẹ báyìí. Bí kò bá sí ìlà, ọkàn rẹ balẹ̀. Kí o ṣe é lójú Màmá àti ọmọ wọn, mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

O kọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé ọ̀pá ìyí rẹ̀ ti tẹ̀. Gbólóhùn yẹn ló mú mi fa ọ̀rọ̀ sísán gùn tó báyìí. Ọwọ́ ènìyàn lásán kì í tẹ ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ti ki páìpù bọ̀ ọ́ lórí kí agbára lè pọ̀ sí i, tàbí kó fi òòlù lù ú. Agbára tó tẹ ọ̀pá náà kò dúró síbẹ̀. Ó gba inú síkúrù kọjá, ó gba nọ́ọ̀tì, ó sì dé ọrùn. Ó lè jẹ́ pé bàbá náà kọ́ ló ṣe é, ó lè jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Ohun yòówù kó jẹ́, fáìsì tí ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ gba kí ènìyàn la ojú méjèèjì wò ó. Wo ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Bí o bá rí ojú òòlù káàkiri ara rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di owú. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò gbà kí a na irin lórí fáìsì láéláé. Á ní iṣẹ́ ẹ̀mú ni kó dì í mú, iṣẹ́ owú ni kí wọ́n lù ú, ẹni tó bá fi ọ̀kan ṣe èjì á ra méjèèjì tuntun.

Ọ̀dà tuntun ni ohun mìíràn tí mo ń sá fún. Àwọ̀ búlúù ni wọ́n ń kun Record, ẹni tó bá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ra búlúù kó fi bo ohun tó fẹ́ bò. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé lẹ́nu iṣẹ́, mo ra ọ̀kan tó ń dán gbinrin, gbogbo owó oṣù mẹ́ta ni mo kó lé e. Oṣù kẹta tí mo rà á, mo di páìpù kan mú nínú rẹ̀, mo ń fi ayùn irin gé e, ọrùn rẹ̀ yọ lójijì, ẹnu rẹ̀ sì já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo gbé e wò, mo rí ìlà pupa ràbọ̀ràbọ̀ bí ide kọjá láàárín ibi tó kán. Wọ́n ti fi ide lẹ̀ ẹ́ pọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà bò ó. Láti ọjọ́ náà, ìpẹtà kò bà mí lẹ́rù mọ́. Fáìsì tó dípẹtà ń fi ara rẹ̀ hàn ọ́, bí o bá sì fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí ìpẹtà òkè bà jẹ́ nínú rẹ̀. Inú mi dùn pé èyí tó o rí dípẹtà.

Má sì rò pé torí o jẹ́ wẹ́dà, bí ó bá sán wàá jó o pọ̀ fúnra rẹ. Ẹlẹ́kitiróòdù tó o fi ń jó géètì, bí o bá fi jó irin dídà, ẹ̀gbẹ́ ibi tó o jó á le gan-gan, á sì tún sán níbẹ̀. Ó ní ẹlẹ́kitiróòdù oníníkẹ́ẹ̀lì tó wà fún un, ó gba kí o yá irin náà gbóná kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó sì tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lábẹ́ eérú. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ọrùn tí wọ́n jó kò ní padà sí bó ṣe wà. Etí ẹsẹ̀ nìkan ni mo lè gbà kí wọ́n jó.

Tí ara rẹ̀ bá dá, ó kan síkúrù. Di ọ̀pá ìyí mú, yí i síwájú díẹ̀, yí i sẹ́yìn díẹ̀, kó o máa wo ẹnu tó ń rìn. Báwo ni ọwọ́ rẹ ṣe lọ tó kí ẹnu náà tó mira? Fáìsì àgbà gbọ́dọ̀ ní ìyẹn díẹ̀. Bí ó bá fi ìdámẹ́rin yíyí kan ṣòfò, mi ò ní bínú. Bí ó bá kọjá ìlàjì, nọ́ọ̀tì tàbí síkúrù ti jẹ. Ya ẹnu rẹ̀ títí síkúrù á fi yọ jáde, fi àkísà nu gíríìsì dúdú náà kúrò, kó o wo tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú oòrùn. Tírẹ́ẹ̀dì tó ṣì pé, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí àpótí. Èyí tó ti jẹ á mú bí ojú ọ̀bẹ. Fi ti ìdí síkúrù wé ti àárín rẹ̀, nítorí ti ìdí kì í ṣiṣẹ́ àfi nígbà tí ẹnu bá là tán; bí ti ìdí ṣe rí ni gbogbo rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Bí síkúrù bá dára tí ọwọ́ rẹ sì ń ṣòfò, nọ́ọ̀tì ló jẹ, èyí sì sàn, torí tọ́nà tó mọṣẹ́ lè ṣe nọ́ọ̀tì tuntun fún ọ. Bí síkúrù fúnra rẹ̀ bá jẹ, owó rẹ̀ pọ̀ ju ohun tó yẹ kí o dáwọ́ lé lọ.

Bí ó bá ti há tí kò yí rárá, o kò lè dán gbogbo èyí wò. Ní kí wọ́n jẹ́ kí o fi kẹrosíìnì rin ín fún ọjọ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó jọ sọ̀rọ̀ owó. Bí wọ́n bá kọ̀, iye tó fi díẹ̀ ju ti onírin àlòkù lọ ni kó o pè.

Ẹnu rẹ̀ kò gba àkókò. Awẹ́ irin eléyín méjì ni wọ́n fi síkúrù dè mọ́ ẹnu náà, wọ́n ṣeé pààrọ̀. Ya ìwé pélébé méjì, fi ọ̀kan sápá ọ̀tún, ọ̀kan sápá òsì, dè é fẹ́rẹ́, kó o fà wọ́n. Bí méjèèjì bá há, ó dára. Bí ọ̀kan bá yọ, ẹnu náà ti wọ́, yálà awẹ́ rẹ̀ ló jẹ tàbí ẹnu tó ń rìn ló ti ń mì jù.

Ó wá ku ìṣirò. Fáìsì Ṣáínà tó o ná ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni wàá rà bí èyí kò bá bọ́ sí i. ₦55,000 ni wọ́n pè é. Record No. 3 tí ara rẹ̀ dá, tí síkúrù rẹ̀ pé, èmi á fi ìlàjì owó tuntun náà lé e, á jẹ́ nǹkan bíi ₦80,000. Ìdí ni pé mo ti rí fáìsì tuntun olówó pọ́ọ́kú tí ẹnu rẹ̀ ń gbé sókè bí wọ́n ṣe ń dè é, mo sì ti rí Record tó sin ọ̀gá, tó sin ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tó tún ń sin ọmọ iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ náà. Nínú ₦80,000 yìí ni kó o ti máa yọ owó ohun tó o máa tún ṣe. Tọ́nà àdúgbò rẹ ni kó o bi ní iye tòótọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ọ̀pá ìyí tuntun, ìwọ fúnra rẹ á gé e, irin rẹ̀ ₦3,000. Awẹ́ eléyín méjì, kí wọ́n gé e, kí wọ́n lu ihò rẹ̀, kí wọ́n fi iná mú un le, ₦10,000. Bí ó bá jẹ́ àwọn wọ̀nyí nìkan, ó ku ₦67,000. Bí nọ́ọ̀tì bá tún jẹ, tí tọ́nà sì gba ₦20,000, ó di ₦47,000. Etí ẹsẹ̀ tó sán, èmi kì í san ju ₦30,000 lọ. Bí ìlà bá jáde lórí ẹfun níbi ọrùn, má rà á bí irinṣẹ́. Síkúrù rẹ̀ àti awẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù nínú rẹ̀, fi ₦15,000 lọ̀ wọ́n, ó ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí onírin àlòkù fẹ́ san.

O rí i pé ₦60,000 tí Màmá kọ́kọ́ pè kò jìnnà sí òótọ́. Ibi tí ìṣirò rẹ bá dúró sí ni kó o san. Bí ó bá jáde ní ₦67,000, má fi ara pamọ́ sábẹ́ ₦60,000 wọn, san ₦67,000. Ìwọ lo kọ̀wé pé o kò fẹ́ rẹ́ opó jẹ, ẹ̀gbẹ̀rún méje náírà yẹn sì ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti máa hàn. Bí o kò bá ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́, san ₦40,000, kó o sọ ọjọ́ tó o máa mú ìyókù wá, kó o kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ọmọ wọn.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà, má bá a jà. Kò ní ọ̀nà mìíràn láti mọ iye tó yẹ ju ohun tí fóònù sọ lọ, ẹ̀rù sì ń bà á kí wọ́n má gba ohun bàbá rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o wọ́n ẹfun lójú rẹ̀. Jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ọ̀pá náà, kó rí bí ó ṣe ń ṣòfò. Jẹ́ kó fa ìwé náà yọ. Kọ iye ohun kọ̀ọ̀kan sórí pátákó, kó máa yọ ọ́ pẹ̀lú rẹ. Bí ó bá ṣì ní ₦180,000 lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá, fi nọ́ńbà rẹ sílẹ̀, kó o ra ti Ṣáínà. Iṣẹ́ rẹ kò gbọ́dọ̀ dúró dè é.

Kí o tó gbé e kúrò, wo bẹ́ǹṣì náà fún àwọn bóòtì tí wọ́n fi dè é, ti ara rẹ̀ gan-an, torí onírin àlòkù tó tú u lè ti jù wọ́n sílẹ̀ síbì kan. Kó o sì bẹ Màmá kí wọ́n bá ọ ṣí àpótí irinṣẹ́ ọkọ wọn. Fítà àtijọ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ máa ń ní awẹ́ eléyín tí kò tíì lò, á fi gíríìsì pa á, á fi aṣọ wé e, á kì í sísàlẹ̀ àpótí lábẹ́ gbogbo fáìlì. Bí ẹ bá bá a níbẹ̀, kò sídìí láti yọ ₦10,000 ti awẹ́ mọ́, ti Màmá ni.